Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá: Ohun Tí Mítà Iná Ń Sọ Nílé-iṣẹ́ Lomé

Ká ní ẹ̀rọ kan dákẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ kan lẹ́bàá èbúté Lomé. Oníṣẹ́ iná gbé mítà, ó ki wáyà rẹ̀ méjèèjì, pupa àti dúdú, bọ inú àpótí iná. 230 fóltì ló ń retí, àmọ́ 110 ni ojú mítà kọ. Kó tó yọ wáyà náà kúrò, ìdájọ́ mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní àwọn tó ń pín iná ló tún gbé tiwọn dé. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní ẹ̀rọ ti jóná, kí wọ́n yáa ra òmíràn. Oníṣẹ́ iná fúnra rẹ̀ ń gbọn mítà wò, bóyá bátìrì rẹ̀ ló ti kú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tíì gbọ́ ẹjọ́ tán nínú wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èrò tèmi ni pé kò sí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó ìdí iná mọ̀nàmọ́ná. Iye tó ṣàjèjì lójú mítà kì í sábà jẹ́ irọ́, àmọ́ tẹnu ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ nínú ẹjọ́ ẹni méjì. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dá ẹjọ́ lè fi owó ńlá gbára, ó sì lè fi ẹ̀mí gbára pẹ̀lú.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ni bí fóltéèjì ṣe rí. Kò sí wáyà kan tó dá fóltéèjì ní fúnra rẹ̀, bí kò ti sí ìlú tó dá jìnnà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé Kodjoviakopé yóò ní Gánà kò jìnnà, nítorí ẹnu ibodè ló ń gbé. Ẹni tó wà ní Adétikopé, lápá àríwá ìlú, yóò ní ọ̀nà jìn. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú àwọn méjèèjì, ibi tí olúkúlùkù dúró sí ló yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóltéèjì ṣe jẹ́ àlàfo láàárín ojú ibi méjì, ìdí sì nìyẹn tí mítà fi ní wáyà méjì dípò ẹyọ kan. Ẹni tó bá sọ pé "wáyà yìí kò ní iná, òdo ni mo rí" kò tíì sọ̀rọ̀ tán: òdo sí ibo? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọn kì í so nútírà (ojú ibi tí iná ń gbà padà) tiransifọ́mà wọn mọ́ ilẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dúró lójijì nígbà tí wáyà kan bá kan irin. Ní irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí fáàsì kan, ìyẹn ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá, bá fara kan ara ẹ̀rọ, mítà tí a fi wọ̀n ọ́n sí ilẹ̀ yóò kọ òdo, tàbí iye tó sún mọ́ ọn. Àwọn fáàsì méjì yòókù, tí a ń retí 230 láàárín wọn àti ilẹ̀, yóò sún mọ́ 400. Fáàsì tó kọ òdo yẹn kò kú rárá. 400 fóltì ló ṣì wà láàárín rẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba ẹ̀rí ilẹ̀ nìkan gbọ́, tó wá fi ọwọ́ òfìfo dì í mú, ti dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Kí a tó pe iye kan ní àjèjì, ó tún yẹ kí a mọ iye tí à ń retí, ìyẹn gan-an kò sì rọrùn ní Lomé. 220 fóltì láàárín fáàsì àti nútírà, 380 láàárín fáàsì sí fáàsì, ni ètò àtijọ́ tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé. Ètò àwọn Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 240 àti 415. Ní ọdún 1983, àjọ àgbáyé tó ń ṣe òfin nípa ohun èlò iná, IEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1906, pa ètò méjèèjì pọ̀ sí 230 àti 400. Ìwé yí padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n páálí irin tí wọ́n kàn mọ́ ara ẹ̀rọ kò yí padà. Èbúté Lomé, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1968, ń gba ẹrù láti gbogbo ayé, tuntun àti tòkunbọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 380 sí lára, èyí tí wọ́n kọ 415 sí, àti ti Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ 460 sí lè wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Oníṣẹ́ iná tó bá rí 380 lẹ́nu mọ́tọ̀ iná ti Amẹ́ríkà yẹn lè ké pé iná kò tó. Kó tún páálí náà kà dáadáa: 460 fóltì fún iná tó ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n kọ síbẹ̀, nígbà 50 sì ni tiwa ń yí. Ohun tí irin inú mọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wò ni bí fóltéèjì ṣe pọ̀ tó sí iye yíyí. Bí a bá fi 60 pín 460, a ó rí nǹkan bíi 7.7, bí a bá fi 50 pín 380, a ó rí 7.6. 380 tó dà bí àìtó yẹn gan-an ló bá a mu. Ó kàn máa yí lọ́ra díẹ̀ ni, ìdá kan nínú mẹ́fà eré rẹ̀ yóò lọ, agbára tó lè gbé jáde yóò sì dín kù bákan náà. 415 tí ẹlòmíràn ì bá fi tiransifọ́mà wá fún un ni ìbá mú un gbóná.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 110 tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí irú èyí wọ́pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí okùn wáyà rẹ̀ gùn, tí wáyà tó ní iná àti èyí tí kò ní fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn nínú ọ̀pá kan náà. Wáyà tí a ti já kúrò lára iná ṣì ń sùn ti èyí tó ní iná, rọ́bà tín-ínrín ló sì wà láàárín wọn. Iná tí ń lọ tó ń bọ̀ máa ń ráyè jò gba inú rọ́bà náà, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́. Okùn wáyà tó gùn tó mítà 50 lè jẹ́ kí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá milliamp jò kọjá, èyí tí kò lè tan gílóòbù kankan. Ṣùgbọ́n mítà ìgbàlódé kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wáyà tó ń wọ̀n: ìdènà inú rẹ̀ tó mílíọ̀nù ohm 10. Nítorí náà, táṣẹ́rẹ́ iná yẹn tó láti gbé nọ́ńbà sójú rẹ̀. Bí wáyà tó ti kú náà bá wà láàárín ọ̀kan tó ní iná àti ilẹ̀, bí ẹni pé ó dúró ní ìdajì ọ̀nà, nǹkan bí ìdajì 230 ni mítà yóò kọ. Àwọn oníṣẹ́ iná ń pè é ní fóltéèjì iwin. Iwin náà kì í ṣe irọ́ o, iná kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Agbára ni kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń dá a mọ̀ ni kí a gbé ẹrù kékeré lé e lórí, yálà mítà tó ní ojú ìwọ̀n fún irú iṣẹ́ yẹn, èyí tí ìdènà rẹ̀ kéré, tàbí iná àyẹ̀wò tó bófin mu. Bí 110 bá wó lulẹ̀ sí òdo lójú ẹsẹ̀, iwin ni. Bí ó bá dúró, ẹ wá nǹkan mìíràn lọ.

Èyí ló gbé wa dé ibi tó ń tan ènìyàn jẹ jù. Iwin máa ń fi iná hàn níbi tí agbára kò sí. Ojú ìsopọ̀ tó ti bàjẹ́ máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: ó ń fi ìlera hàn níbi tí àrùn wà. Àga tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ dúró ṣinṣin lójú títí ẹnì kan yóò fi jókòó lé e. Lomé dojú kọ òkun, atẹ́gùn iyọ̀ sì ń fẹ́ wọ àpótí iná lọ́sàn-án lóru. Bàbà á wọ àwọ̀ ewé, síkúrúù á dẹ̀, eruku ọyẹ́ á wá kún un. Ká ní ìdènà ojú ìsopọ̀ kan bẹ́ẹ̀ ti di ìdajì ohm. Bí ẹ̀rọ bá wà ní pípa, tí mítà nìkan ń wọ̀n ọ́n, 230 gééré ni yóò kọ, nítorí pé ohun tí mítà ń fà kò tó nǹkan. Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ó fa 20 áńpù: fóltì 10 yóò sọnù sí orí síkúrúù náà, 200 wáàtì yóò sì di ooru lójú ibi tí kò tó orí àtàǹpàkò. Bó bá fa 40 áńpù, fóltì 20 ni yóò sọnù, ooru yóò sì di 800 wáàtì, ìlọ́po mẹ́rin. Ooru yẹn yóò tún ba ojú ìsopọ̀ náà jẹ́ sí i. Ibi báyìí ni iná ti ń sọ nínú àpótí, tí àwọn ènìyàn á wá máa sọ pé "a wọ̀n ọ́n lánàá, ó pé". Ó pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àga tí ẹnì kan kò jókòó lé ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹnì kan lè takò mí níhìn-ín pé ọ̀rọ̀ yìí ń gbé ẹ̀bi kúrò lórí ẹni tó jẹ̀bi. Gbogbo ará Lomé ló mọ̀ pé iná tó ń wá láti ìta fúnra rẹ̀ máa ń lọ sókè, a sì máa wá sílẹ̀. Àtakò náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ìlú yìí gùn. CEB, àjọ iná tí Tógò àti Dàhòmì (Benin òde òní) dá sílẹ̀ pọ̀ ní 1968 tó fi Lomé ṣe ibùjókòó, ti ń gba iná Akosombo láti Gánà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ìdídò Nangbéto lórí odò Mono kún un ní 1987, pẹ̀lú mẹ́gáwáàtì 65. Wáyà ńlá oní 330 ẹgbẹ̀rún fóltì láti Ìkẹjà dé Sàkétẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ilé-iṣẹ́ amúnáwá ContourGlobal ní Lomé tẹ̀ lé e ní 2010, Kékéli sì dé ní 2021. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ní ìlú òkèèrè lè hàn lójú mítà wa. Mi ò jiyàn rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a lè fi ẹ̀rí mọ̀ ọ́n, láìfi ìbínú ṣe é. Ká ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, mítà sì kọ 352 lẹ́nu mọ́tọ̀ níbi tí ó yẹ kó wà nítòsí 400. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n ní àkókò kan náà níbi tí iná ti wọ ilé-iṣẹ́. Bí ibẹ̀ náà bá kọ 352, ẹ pe àwọn tó ń pín iná, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá kọ 396, fóltì 44 ti sọnù láàárín ògiri yín, kò sì sí ẹni tí ẹ lè bá wí lóde. Ẹ wá wọ̀n ọ́n ní agbede méjì, kí ẹ mọ apá tó ń jẹ ẹ́, kí ẹ tún pín apá náà sí méjì, títí ẹ ó fi dé orí síkúrúù náà. Iye kan náà lè ní orísun méjì tí kò bára tan. Ẹnì kan lè rò pé odò Volta tí Akosombo wà lórí rẹ̀ ló bí orúkọ fóltì. Ará Ítálì kan, Alessandro Volta, tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́ ní 1800, ni a fi sọ fóltì lórúkọ. Àwọn Potogí ló sọ odò ní tirẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ sí ní èdè wọn ni yíyí tàbí kọ́nà. Orúkọ jọra, ìyá wọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni 352 ti ìta àti 352 ti inú ilé.

Nútírà, tí àwọn oníṣẹ́ iná ní Lomé ń pè ní neutre, ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n máa ń gbàgbé jù. Nígbà tí wáyà nútírà bá já tàbí tó bá dẹ̀, àwọn ohun èlò tó jókòó sórí fáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò wá fara rọ ara wọn, wọn ó sì máa pín 400 fóltì láàárín ara wọn bí àìdọ́gba ẹrù wọn ṣe rí. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ohun èlò 2,000 wáàtì wà lórí fáàsì kan, 500 wáàtì wà lórí èkejì, nútírà já. Èyí tó tóbi yóò gba 80 fóltì péré, èyí tó kéré yóò gba 320. Ẹ rí i pé àròpọ̀ wọn ṣì jẹ́ 400. Ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ iná tó bá wọ̀n fáàsì sí fáàsì nìkan yóò fi sọ pé kò sí wàhálà, nígbà tí gílóòbù ọ́fíìsì ń ràn bí oòrùn ọ̀sán, tí kọ̀ǹpútà sì ń rùn nínú yàrá kejì. Níbí, bí apá kan bá lọ sílẹ̀ ní àkókò kan náà tí òmíràn lọ sókè, nútírà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àìtó iná láti ìta kì í sábà fi fáàsì kan ṣe ọmọ, kó fi òmíràn ṣe ẹrú báyìí.

Mọ́tọ̀ iná alágbára náà mọ bí a ti ń jẹ́rìí tó ń ṣini lọ́nà. Èyí tó ń lo fáàsì mẹ́ta kì í sábà dúró bí fíùsì ọ̀kan bá jó nígbà tó ń yí lọ́wọ́. Yóò máa fi méjì tó kù jìjàkadì, yóò máa kérora, yóò máa gbóná. Yíyí tó ń yí náà yóò tún máa pèsè iná padà sẹ́nu wáyà tó sọnù, débi pé mítà tí a gbé síbẹ̀ lè kọ iye tó sún mọ́ èyí tó yẹ. Ojú mítà fóltì kò ní rí òkú fáàsì yìí. Mítà tí ń gbá wáyà mọ́ra, tó ń wọ̀n áńpù, ni yóò tú u fó: òdo lórí fáàsì kan, àpọ̀jù lórí méjì. Kódà kí fáàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, àìdọ́gba kékeré kì í ṣe kékeré lójú mọ́tọ̀. Bí mítà bá kọ 400, 390 àti 380, ojú ènìyàn lè fò ó. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 390, èyí tó jìnnà sí i jù sì fi 10 yàtọ̀, ìyẹn nǹkan bíi 2.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Àìdọ́gba áńpù máa ń jẹ́ ìlọ́po 6 sí 10 irú iye bẹ́ẹ̀, nítorí náà mọ́tọ̀ náà lè ní àìdọ́gba áńpù tó tó 15 sí 26 nínú ọgọ́rùn-ún. Ooru ló máa fi san án, ọjọ́ ayé rẹ̀ yóò sì kúrú. Ní ti ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tọ̀, tó ń gé iná sí wẹ́wẹ́ kí ó tó gbé e jáde, mítà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣe fún iná tó ń lọ geere kò mọ èdè rẹ̀. Iye yòówù tó bá kọ níbẹ̀, mítà tó lè sẹ́ ìgbì wẹ́wẹ́ náà kúrò ni kí ẹ fi tún un wọ̀n kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Àwọn kan yóò ní àlàyé dára, àmọ́ iṣẹ́ ti dúró, ọ̀gá ń bínú, ọkọ̀ ẹrù ń dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀yà náà, ká máa bá iṣẹ́ lọ. Mo gbà pé wákàtí kan tí ilé-iṣẹ́ fi dúró kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ tuntun tí a gbé sí ìdí síkúrúù tó ti dẹ̀ yóò jóná bí ti àná, a ó sì ti san owó méjì lórí àrùn kan. Ìwọ̀n mẹ́rin tàbí márùn-ún tí mo kà sókè kì í gba àkókò tó ìrìn àjò sí ọjà láti wá ẹ̀yà lọ. Àwọn mìíràn ní iná àyẹ̀wò àtijọ́, gílóòbù àti wáyà méjì, ti tó bàbá wọn. Òótọ́ ni pé gílóòbù mọ ohun tí mítà ìgbàlódé kò mọ̀: ó ń fa iná, nítorí náà iwin kò lè tàn án. Àmọ́ kò lè fi ìyàtọ̀ 396 àti 352 hàn, èyí tí a fọwọ́ ṣe nílé sì lè fọ́ sí ojú ẹni tó di í mú. Àtakò tó wúwo jù ni ti ewu: wíwọ̀n nígbà tí ẹrù wà lórí ẹ̀rọ túmọ̀ sí ṣíṣí àpótí tó ní iná. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ yìí fi jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ọ, tó wọ ohun ààbò, tí mítà rẹ̀ sì ní àmì CAT III tàbí CAT IV tó bá ibi tó ń wọ̀n mu. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí mítà tí a gbé dúró sára àpótí láti ilẹ̀ wá ṣe iṣẹ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣí i rárá. Ẹni tó bá sì fẹ́ fọwọ́ kan wáyà kò gbọdọ̀ gba òdo gbọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kó kọ́kọ́ gbé mítà síbi tó mọ̀ pé iná wà, kó wá wọ̀n wáyà tí wọ́n ti pa náà sí nútírà, sí ilẹ̀ àti sí fáàsì yòókù, kó sì tún padà síbi àkọ́kọ́ láti mọ̀ pé mítà kò kú sí ẹnu iṣẹ́.

Bí a bá gba gbogbo èyí, ohun èlò tó kù díẹ̀ káàtó jù nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ìwé kékeré kan tí owó rẹ̀ kò tó ti fíùsì. Ní ọjọ́ tí ara ẹ̀rọ le, kí oníṣẹ́ iná kọ ìwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀: ọjọ́ àti wákàtí, ojú ibi méjì tí wáyà pupa àti dúdú dúró sí, bí ẹrù ṣe wà lórí ẹ̀rọ, irú mítà tó lò, lẹ́yìn náà ni iye. Ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé, àjèjì nọ́ńbà yóò bá ojúlùmọ̀ rẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó bá ń kà á yóò sì mọ èyí tó yí padà nínú wọn. Ẹ bi oníṣẹ́ iná tó dúró níwájú 110 fóltì yẹn ní ìbéèrè mẹ́ta: láti ibo sí ibo, ẹrù wà lórí rẹ̀ àbí kò sí, èló ló ń kọ tẹ́lẹ̀? Bí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀gá lè wá máa dá ẹjọ́. Bí kò bá lè dáhùn, kí ó mú wáyà dúdú, kí ó lọ gbọ́ ti ẹnìkejì.